Nítorí Kí Ìlú Wa Lè Jí, Mo Jẹ́ Kí Arúgbó Gbà Pé Orí Òun Ti Dàrú

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi, ẹ dúró ná. Àwọn tó mọ̀ mí kò káàánú mi, wọn ò sì jẹ̀bi. Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù lónìí ní Mirribee, ìlú tó sún mọ́ tiwa jù, ẹni tó wà níwájú mi á kẹ́yìn sí mi, ẹni tó ń tajà á ju ṣéńjì sórí káńtà kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kan tèmi. Bí ẹ bá ka ìtàn yìí tán tí ẹ̀yin náà kẹ́yìn sí mi, mi ò ní bá yín jà.

Noelene Trask ni mí. Kellaway, ìlú awakùsà kan ní Australia, ni wọ́n bí mi sí, nígbà tí góòlù ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta ń pariwo tọ̀sán-tòru. Nígbà tí góòlù tán, iléeṣẹ́ kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e, ilé ìfìwéránṣẹ́ tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn tú páànù orí ilé wọn, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n lọ fi kọ́lé síbòmíràn. Nígbà tí ọkọ mi tún wá kú, ó ku èmi nìkan. Èmi, àti àwọn màlúù Colin, ọkọ àbúrò mi Verna, tí wọ́n máa ń rìn gba àárín ìgboro kọjá lọ mumi ní adágún tí àwọn awakùsà gbẹ́ sẹ́yìn ìlú.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí Rowan Haldane fi dé.

Ará Melbourne ni. Bẹ́ẹ̀dì ló ń tà lórí ẹ̀rọ ayélujára tó fi di olówó. Ló bá dìde lọ́jọ́ kan, ó ra gbogbo Kellaway: hòtẹ́ẹ̀lì, gbọ̀ngàn ìpàdé, ṣọ́ọ̀ṣì tí òrùlé rẹ̀ ti wó. Ó ní òun fẹ́ jí ìlú náà dìde kí àwọn arìnrìn-àjò máa wá sùn níbẹ̀. Àwọn ará Mirribee fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní òkú ló rà, ó wá ń wá ẹni tó máa bá a fún un lóúnjẹ.

Èmi náà kórìíra rẹ̀. Bàtà rẹ̀ mọ́ jù. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó dé tó fi wá bá mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, agolo ọ̀dà lọ́wọ́ ọ̀tún, agolo ọ̀dà lọ́wọ́ òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Noelene, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, àwọ̀ wo ni ilẹ̀kùn hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ní?"

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kan ju "ṣé ara le?" lọ. Mo ní àwọ̀ ewé ni, ewé tó ń gbẹ bọ̀. Ó po ọ̀dà níwájú mi, ó ń pò ó, ó ń pò ó, títí mo fi sọ pé, "Òun nìyẹn." Nígbà tí mo rí ilẹ̀kùn yẹn lẹ́yìn tí wọ́n kùn ún tán, mo sunkún lójú títì bí ọmọdé.

Ibẹ̀ ló ti rí mi mú. Kò kan pákó kan tí kò kọ́kọ́ bi mí. Kò gbé àga kan sí yàrá kan kí n tó sọ ibi tí àga máa ń wà. Nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, ó dúró lẹ́yìn káńtà ọtí, ó fọwọ́ gbá a.

"Bí a bá ṣí i, ẹ̀yin lẹ ó máa ṣe ọ̀gá ibí."

Ìyá ìyá mi fi orúnkún fọ ilẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn títí ó fi kú. Wọn ò jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Èmi ni wọ́n wá fẹ́ fi jẹ ọ̀gá níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ sọ òótọ́, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ò ní ṣe?

Oṣù Kìíní ni, nígbà tí oòrùn ń sun òkúta. Haldane ti bá àwọn ènìyàn tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá ya fíìmù ìlú wa kí a tó ṣí hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Ni mo gbọ́ igbe rẹ̀ láàárọ̀.

"Noelene! Ẹ wá wo ohun tí àwọn ẹran burúkú yìí ṣe!"

Màlúù ti gun fàráńdà hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ti sùn síbẹ̀, wọ́n ti yàgbẹ́ síbẹ̀, ọ̀kan ti fi ìwo họ ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé mi. Haldane káwọ́ lérí.

"Ṣé kò sí bí a ṣe lè dá wọn dúró ni? Ibo ni wọ́n ń gbà wọlé?"

"Géètì kan wà lẹ́yìn òkè," ni mo dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ṣíṣí ló wà."

"Ẹ bá wa tì í nígbà náà."

"A kì í tì í."

"Ta ni kì í tì í?"

"Gbogbo wa."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo ta ni? Ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbé ibí!"

Kò mọ̀. Ará ìlú ńlá ni, báwo ló ṣe máa mọ̀? Níbi tiwa, òfin kan wà tí ọmọ ti ń gbọ́ kó tó hu eyín: géètì tí o bá bá ní ṣíṣí, ṣíṣí ni kí o fi í sílẹ̀, èyí tí o bá bá ní títì, tì í padà lẹ́yìn ara rẹ. Má bi ẹnikẹ́ni ní ìdí. Ẹni tó ni ẹran ló mọ ibi tí omi wà. Ènìyàn lè mutí yó ní ilẹ̀ wa, ó lè na ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kan géètì tí kì í ṣe tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ bà jẹ́ nìyẹn.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, èmi mọ ìdí tí ti Colin fi wà ní ṣíṣí. Verna ló sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ̀rọ tó ń fa omi fún wọn lápá ibẹ̀ ti dákẹ́, wọ́n ń retí irin kan láti Adelaide. Adágún wa nìkan ló kù tí àwọn ẹran yẹn lè mu. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Ọjọ́ kan péré," ni Haldane wí. "Wọ́n á yàwòrán, wọ́n á lọ, ẹ ó sì ṣí i. Ta ló máa mọ̀? Tàbí ẹ fẹ́ kí gbogbo Australia rí ìgbẹ́ lórí fàráńdà ìyá ìyá yín?"

Ó mọ ibi tó fọ̀bẹ sí. Mo lé àwọn màlúù náà padà sẹ́yìn òkè, mo wa mọ́tò tẹ̀ lé wọn, mo sì ti géètì. Ṣéènì rẹ̀ gbóná débi pé etí aṣọ mi ni mo fi mú un. Màlúù kan dúró, ó ń wò mí láti òdìkejì. Mo sọ fún un pé, "Dákẹ́, ọ̀la ni."

Àwọn tẹlifíṣọ̀n dé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Saskia mú mi jókòó sí fàráńdà, ó ní kí n sọ ìtàn ìgbà èwe mi. Mo sọ ọ́. Ó ní wọ́n bí mi fún kámẹ́rà ni. Gbogbo wọn pé lé mi lórí, wọ́n ń fi àtíkè kùn mí lójú, wọ́n ń pè mí ní ẹni ọ̀wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ tó yẹ kí wọ́n máa lọ, eruku rú wá láti ìwọ̀ oòrùn, ojú ọ̀run pọ́n bí iná, Saskia ní àwọn ò lè fi irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n dúró. Wọ́n tún fi ọjọ́ kún ọjọ́.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi lọ," ni Haldane sọ sí mi létí. Ó fi ọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn.

Ẹ má jẹ́ kí n pa irọ́ fún yín pé mo gbàgbé. Mo rántí géètì yẹn nígbà tí mo ń gé àlùbọ́sà fún oúnjẹ wọn. Mo rántí rẹ̀ nígbà tí mo ń kọrin fún wọn lẹ́yìn oúnjẹ. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé Colin kì í ṣe ọ̀lẹ, á ti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Mo lè tẹ̀ ẹ́ láago bi í. Mi ò tẹ̀ ẹ́ láago. Ẹni tó ń sá fún ìdáhùn kì í béèrè.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ, Haldane bá wọn lọ sí Melbourne. Kí eruku ọkọ̀ wọn tó rọlẹ̀, mo ti wà lójú ọ̀nà òkè. Àwọn àṣá ni mo kọ́kọ́ rí lójú ọ̀run, wọ́n ń yí po.

Mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kú lé ara wọn lórí níbi wáyà tí wọ́n fi ṣe ọgbà mọ́ ẹran, gbogbo wọn kọjú sí apá ibi tí omi wà. Àwọn tó gbẹ̀yìn ti gun orí àwọn tó kọ́kọ́ kú. Ọmọ màlúù kan ṣì ń mí, ahọ́n rẹ̀ dúdú. Mo ṣí géètì. Àwọn tó lè rìn fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kọjá lára mi lọ. Lẹ́yìn náà mo wọlé lọ, mo wẹ̀, mo sì dákẹ́.

Colin àti Verna dé ilé ìdáná mi lọ́jọ́ kejì. Colin ò jókòó. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ti fi ìbọn parí ìyà àwọn tí kò lè dìde mọ́.

"Ẹnìkan ti géètì mi, Nol." Bí wọ́n ṣe ń pè mí nílé nìyẹn.

"Ó lè jẹ́ àwọn arìnrìn-àjò," ni mo sọ. Ohùn mi dún bí ti ẹlòmíràn.

"Rárá o," ni Verna wí. "Àlejò á tì í, á bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ṣíṣí la bá a. Òkú wà lẹ́bàá wáyà, géètì wà ní ṣíṣí. Ṣé ó yé ẹ? Ẹni tó tì í ló padà wá ṣí i. Ó mọ̀ pé kò yẹ kó wà ní títì."

"Ó rí wọn," ni Colin wí. "Ó fi ojú ara ẹ̀ rí wọn, ó sì lọ sílé lọ jẹun. Ẹni tó mọ òfin ni. Ará ilé ni."

"Ta ló ń gba ọ̀nà yẹn?" Verna béèrè. Ó ń wo Colin. Kò tiẹ̀ wò mí. Kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò sẹ́ni tó na ìbọn sí mi. Kò sẹ́ni tó fà á jáde lẹ́nu mi. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́.

"Stipe máa ń gba ibẹ̀ lọ wo tàkúté rẹ̀."

Òótọ́ ni. Ẹ rí i bí òótọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ ibi? Stipe wá láti Croatia ní ọ̀dọ́kùnrin láti wa góòlù ní Kellaway. Nígbà tí ìlú tú, kò lọ. Ó ń dẹ tàkúté fún àwọn ajá igbó tó ń pa ọmọ màlúù, ó sì ń gbé inú ilé kékeré onítáyà kan tí ọkọ̀ máa ń fà, lẹ́yìn ilé irinṣẹ́ Colin, òun àti ajá rẹ̀ Bura. Kò níyàwó, kò bímọ. Òun ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà nígbà tí ẹsẹ̀ mi ò tíì kan ilẹ̀ dáadáa.

Wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi na ìka ẹlòmíràn síwájú ọ̀bẹ.

Colin lọ bá a. Stipe ní òun gba ibẹ̀ kọjá lóòótọ́, ó ní ṣíṣí lòun bá a, ṣíṣí lòun fi í sílẹ̀. Colin ní irọ́ ni. Stipe búra. Colin ní kó lọ máa búra fún àwọn òkú màlúù. Ibẹ̀ ni Colin rán an létí pé ṣáájú Kérésì, ó gbàgbé ẹ̀rọ omi kan sí títàn títí omi fi ṣàn dànù. Èyí ló wọ arúgbó náà lára.

Ó wá sọ́dọ̀ mi. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ ń pariwo bọ̀, mo fẹ́ sá pamọ́. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó jókòó sórí àga tí ọkọ mi máa ń jókòó sí.

"Noelene, o mọ̀ mí láti kékeré rẹ."

"Mo mọ̀ yín, Stipe."

"Mo sọ fún Colin pé èmi kọ́. Ó dá mi lójú. Ṣùgbọ́n mo dùbúlẹ̀, mo ń rò ó. Ó dá mi lójú pé mo pa ẹ̀rọ omi yẹn náà." Ó ń fi ọwọ́ yí fìlà rẹ̀. "Àbúrò ìyá mi, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún un nìyẹn. Ní ìgbẹ̀yìn kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè bi. Sọ fún mi, má ṣàánú mi. Ṣé orí mi ti ń dàrú?"

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi. Ọ̀rọ̀ kan péré: "Rárá." Ọ̀rọ̀ kejì: "Èmi ni." Mo wo ojú fèrèsé, mo rí hòtẹ́ẹ̀lì, mo rí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń dán nínú oòrùn. Mo rò ó pé bí Verna bá mọ̀, bí Mirribee bá mọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá mi mutí níbẹ̀ láéláé.

"Ẹ ti dàgbà, Stipe," ni mo sọ. "Àgbà a máa gbàgbé. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Ó mi orí. Ó mi orí fún ìgbà pípẹ́. Ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

"O ṣeun," ló wí. "Gbogbo wọn ń pè mí ní òpùrọ́. Ìwọ nìkan lo sọ̀rọ̀ fún mi bí ọ̀rẹ́."

Lọ́jọ́ náà gan-an ló lọ bá Colin, tó ní, "Ó ní láti jẹ́ èmi." Ó kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lélẹ̀, ó kó ìbọn rẹ̀ lélẹ̀, ó ní ẹni tí orí rẹ̀ ò pé kò gbọ́dọ̀ ní nǹkan wọ̀nyí. Ó fi Bura fún awakọ̀ kan tó ń kọjá lọ. Colin ní òun máa gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Mirribee, kó sì má padà sórí ilẹ̀ òun mọ́.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ. Mo gbé kéèkì kékeré kan wá fún un, ẹ wo àìnítìjú mi. Stipe dúró níwájú Verna, ó fẹ́ sọ pé kó má bínú.

"Má bá mi sọ̀rọ̀!" ni Verna pariwo. "O rí wọn! Ká ní o gbàgbé, ó yé mi. Ṣùgbọ́n o padà wá, o ṣí i, o sì dákẹ́! Ìyẹn kì í ṣe ìgbàgbé, ìwà ìkà ni!"

Ó tutọ́ sí i láyà. Stipe wo itọ́ náà. Kò nù ún. Ó ní, "Mi ò rántí, Verna. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, mi ò rántí." Ó wọ ọkọ̀. Mo sì di kéèkì mi mú.

Ọjọ́ ìṣíde dé lẹ́yìn tí ooru rọlẹ̀. Gbogbo Mirribee wá. Àwọn tó fi Haldane ṣe yẹ̀yẹ́ wá, wọ́n ń fọwọ́ pa ògiri, wọ́n ń sọ pé, "Ibí ni bàbá mi máa ń jókòó sí." Colin wá, nítorí bàbá bàbá rẹ̀ wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ wa ilẹ̀ náà. Verna wá, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù. Mo dúró lẹ́yìn káńtà ìyá ìyá mi, mo ń bu bíà fún wọn, wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá. Ọjọ́ tí mo ti ń retí láti ìgbà èwe mi nìyẹn. Inú mi dùn. Mo ní láti sọ ọ́: inú mi dùn.

Haldane gun orí àpótí, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Láti ìgbà tó ti bá àwọn tẹlifíṣọ̀n lọ, wíwá rẹ̀ kò ju fìrí lọ. Ohun tó gbọ́ ni pé ooru pa màlúù Colin. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn káfíńtà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó wá nawọ́ sí mi.

"Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tí mi kì bá tí lè ṣe é láìsí i! Ẹ ò mọ ohun tí ojú wa rí! Àwọn tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀ lọ́la, ìgbẹ́ màlúù ló kún fàráńdà yìí fọ́fọ́! Mo fẹ́ẹ̀ sunkún! Kí ni Noelene ṣe? Ó wọ mọ́tò, ó lọ sẹ́yìn òkè, ó ti géètì mọ́ gbogbo wọn! Màlúù kan ò yọjú títí wọ́n fi yàwòrán tán! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa!"

Òun nìkan ló pàtẹ́wọ́.

Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á lé e bá. Wọn ò sọ pé òótọ́ náà lè máa rẹ́rìn-ín, kó gbé gbohùngbohùn lọ́wọ́.

"Tún un sọ," ni Colin wí.

"Kí ni?" Haldane ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Géètì wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn òkè... Kí ló dé? Kí ni mo sọ?"

Verna ti dé iwájú káńtà. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀fun.

"Nol. Sọ pé irọ́ ni."

Mo mú aṣọ, mo ń nu káńtà.

"Sọ pé irọ́ ni, màá gbà ẹ́ gbọ́. Jọ̀ọ́."

"Verna, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ lọ ṣí i. Mo rò pé Colin ti tún ẹ̀rọ..."

"Ta ló ń bi ẹ́ ní màlúù!" Ó fi ọwọ́ gbá káńtà, kọ́ọ̀bù fò. "Stipe ńkọ́? Mo tutọ́ sí i lára, Noelene! Mo tutọ́ sí arúgbó lára, o dúró síbẹ̀, o gbé kéèkì lọ́wọ́, o ń wò mí!"

Kò pè mí ní Noelene rí láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Haldane sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí. "Colin, mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀," ni Colin dá a lóhùn. "Òmùgọ̀ ni ẹ́, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Òun mọ̀."

Ó gbé bíà rẹ̀ tí kò tíì mu kalẹ̀ sórí káńtà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ẹlòmíràn gbé tirẹ̀ kalẹ̀ sórí fàráńdà. Wọn ò bú mi. Ìyá àgbà kan tó bá ìyá mi ṣọ̀rẹ́ dúró díẹ̀, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ọpẹ́ ni pé ìyá ẹ ti kú." Lẹ́yìn náà mo ń gbọ́ ìró mọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Haldane ò lé mi. Mo rò pé á lé mi, mo tiẹ̀ fẹ́ kó lé mi. Ó jókòó sáàárín àwọn kọ́ọ̀bù bíà, ó ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. Ẹ kàn máa bá iṣẹ́ yín lọ, ẹ má sì bá mi sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti iṣẹ́." Ìlú náà jí. Gbogbo yàrá ló ń kún. Àwọn àlejò láti Sydney àti Melbourne ń bá mi ya fọ́tò lẹ́nu ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, wọ́n ń sọ pé mo dùn ún bá sọ̀rọ̀, wọ́n á sì lọ lọ́jọ́ kejì. Ará ibí kankan ò tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, wọ́n á wakọ̀ kọjá iwájú wa lọ mutí níbi tó jìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹ̀kọ́, ẹ má wá a níbi géètì. Ẹnikẹ́ni lè ti géètì. Bí mo bá jẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo rí òkú wọ̀nyẹn, Colin á bú mi, Verna á bínú, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ tó bá yá. Ohun tí mo ṣe tí kò ní àtúnṣe ni pé ẹnì kan gbé ọkàn rẹ̀ wá fún mi pé kí n bá òun wò ó bóyá ó ti fọ́, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìṣíde, kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ Stipe, mo lọ bá a ní Mirribee. Inú gbọ̀ngàn oúnjẹ ni mo ti rí i, àárín àwọn arúgbó tí wọ́n ń mu ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ó ti rù. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìgbẹ́ màlúù títí dé orí gbohùngbohùn Haldane. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Orí mi pé, nígbà náà?"

"Orí yín pé, Stipe. Orí yín pé láti ọjọ́ náà."

"Láràárọ̀ ni mò ń jí, mò ń ka orúkọ àwọn arákùnrin mi sókè kí n má baà sọ wọ́n nù. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi kí n má baà rìn sọnù. Mo ń gbé oògùn wọn mì. Mo fi ajá mi tọrẹ." Ó ń wò mí, ojú rẹ̀ gbẹ. "Kí lo wá gbà níbí? Ìdáríjì?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé o ò rí oorun sùn ni?"

"Mi ò rí i sùn."

"Má sùn." Ó nàka sí gbogbo gbọ̀ngàn. "Dìde. Sọ ọ́ fún wọn. Sọ ọ́ kó ròkè."

Mo dìde. Mo pariwo rẹ̀: èmi Noelene Trask ni mo ti géètì, èmi ni mo purọ́, kò sí ohun tó ṣe orí Stipe. Àwọn kan gbé ojú sókè. Àwọn kan ò dá ṣíbí dúró. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Sunita sáré wá, ó gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun gan-an ni, mà. Ó dáa bí àlejò bá lè máa gbà fún àwọn arúgbó wa báyìí pé kò sí ohun tó ṣe orí wọn. Ọkàn wọn á balẹ̀."

Stipe gbọ́. Mo rí i pé ó gbọ́.

"Tún un sọ fún un," ló wí fún mi. "Noelene. Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Sunita rẹ́rìn-ín sí àwa méjèèjì, ó mú aṣọ kékeré kan, ó sì nu ọbẹ̀ kúrò ní àgbọ̀n Stipe.